Ohùn Alhaja Nìkan

Ní Ìtòkú, láàárín àwọn aláró àti àwọn tó ń ta aṣọ, ṣọ́ọ̀bù kan wà tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá dúró sí àárín rẹ̀ tó na apá méjèèjì, yóò kan ògiri lọ́tùn-ún lósì. Ibẹ̀ ni Jẹ̀lílì ti ń tún rédíò ṣe. Kò sí ọ̀gá kan tó kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó tú rédíò bàbá rẹ̀ palẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ mọ ibi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jókòó sí. Nígbà tó tò ó padà tán, nọ́ọ̀tì bíi mélòó kan ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, rédíò náà sì ń sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kó ṣọpẹ́, kó lọ sùn. Jẹ̀lílì kò rí oorun sùn. Ohun tí àwọn nọ́ọ̀tì yẹn wà fún ló ń rò, ìrònú náà ló sì di iṣẹ́ fún un nígbà tó dàgbà.

Lọ́dún 1982 tí ọ̀rọ̀ yìí wáyé, kásẹ́ẹ̀tì ti gba ìlú Abẹ́òkúta kan. Wọ́n ń gba wáàsí sílẹ̀, wọ́n ń gba ìsọmọlórúkọ sílẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gba ìjà orogún sílẹ̀ kí ọkọ lè gbọ́ ọ bó bá dé. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà ṣe é: wọn á gbé ẹ̀rọ síwájú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, wọn á tẹ bọ́tìnì pupa mọ́lẹ̀, ohun tó bá wọlé ló wọlé yẹn. Ọ̀nà yìí kì í tẹ́ Jẹ̀lílì lọ́rùn. Ó ti ṣàkíyèsí pé bí ènìyàn mẹ́ta bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, etí lè yan ọ̀kan gbọ́, kó pa ìyókù tì. Ẹ̀rọ kò mọ yíyàn. Oníwáàsí tó ń wàásù àti ọmọ tó ń sunkún nídìí òpó, bákan náà ló ń kó wọn. Ohun tó máa ń wu Jẹ̀lílì ni kó rí ohùn kan gbà lóun nìkan, bí ẹni ń fa fọ́nrán òwú kan yọ lára aṣọ láì jẹ́ kó já.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Alhaja Títílọlá yà sí ṣọ́ọ̀bù náà. Agboolé rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù gan-an. Àgbà ni láàárín àwọn tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n máa ń fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí lára kí wọ́n tó rì í sínú aró, ọwọ́ rẹ̀ sì dúdú dé ọrùn ọwọ́.

"Ẹ káàbọ̀, Alhaja. Ẹ kú ọjà o."

"Òo, Jẹ̀lílì. Rédíò ta lo tú nífun yìí?"

"Ti Bọ̀ọ̀dá Olúbọ̀dé télọ̀ ni. Aáyán ló bímọ sínú rẹ̀."

"Àwọn aáyán yẹn á ti gbọ́ ìròyìn jù mí lọ." Ó fa àpótí kan, ó jókòó lé e. "Ilé iṣẹ́ rédíò ránṣẹ́ sí mi. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Iṣẹ́ Ọwọ́ Wa. Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé àdìrẹ, kì í ṣe Ọjọ́rú tó ń bọ̀ yìí, èyí tó tẹ̀ lé e."

"Ẹ kú oríire, Alhaja. Gbogbo Ẹ̀gbá ni yóò gbọ́ yín."

"Wọ́n ní bí mo bá ṣe ń sọ ọ́ níbẹ̀ ni ẹ̀yin náà á máa gbọ́ ọ níbí, wọn kì í sì í tọ́jú rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ tán, ó ti lọ nìyẹn. Mo fẹ́ kí o bá mi mú un sínú kásẹ́ẹ̀tì."

"Ìyẹn ò le."

"Ó le. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ níbẹ̀ tí kò gbọdọ̀ bọ́, tí kò sì gbọdọ̀ rú mọ́ nǹkan mìíràn. Beatrice ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ."

Jẹ̀lílì gbé irin tó fi ń yọ́ òjé sílẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Alhaja àti Beatrice ti jọ ń ṣe àdìrẹ láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọ̀dọ́bìnrin, ọ̀kan ń lọ mọ́ṣáláṣí, ọ̀kan ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Beatrice ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ọ̀fàdà, ilé àwọn àna rẹ̀, níbi tó ti ń ta ìrẹsì báyìí. Ohun tó lé e lọ ni wọn kì í sọ jáde.

"O mọ aṣọ tí wọ́n ń pè ní Òjò Kútọ̀?" ni Alhaja bi í.

"Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Aṣọ yín ni."

"O rí i, aṣọ mi. Kì í ṣe aṣọ mi. Òjò dá èmi àti Beatrice dúró lábẹ́ àtíbàbà kan ní Kútọ̀, à ń wo bí ẹ̀kán òjò ṣe ń bọ́ sójú ipa táyà mọ́tò nínú ẹrẹ̀. Èmi ń ráhùn pé aṣọ mi ń tutù. Òun ní, 'Títílọlá, wò ó, ọnà nìyí.' Ó délé, ó yà á. Ọdún gorí ọdún, aṣọ náà gbajúmọ̀. Lọ́jọ́ kan àwọn àlejò kan wá láti ilé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n béèrè lójú gbogbo ọjà pé ta ló kọ́kọ́ ya ọnà yìí. Mo ní èmi ni. Beatrice wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ìyẹ́ tó fi ń ya aṣọ lọ́wọ́. Mi ò tilẹ̀ mọ bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi."

"Kí ni Màmá Beatrice wá sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ó ya aṣọ ọwọ́ rẹ̀ parí, ó sá a sóòrùn, ó lọ di ẹrù. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ó fún mi lómi, ó bu ìrẹsì fún mi, ó ní n kò ṣẹ òun. Bí ẹni ń kí àlejò ló ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, Jẹ̀lílì. Èébú ì bá dára ju ìyẹn lọ. Ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mo ti gba nǹkan rẹ̀, ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn náà ni mo fẹ́ dá a padà sí. Kò ní rédíò, oko ló sì máa ń wà lọ́sàn-án. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn lọ ròyìn fún un. Ẹnu tèmi ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ. Bí kásẹ́ẹ̀tì yẹn bá bàjẹ́, mi ò rò pé wọ́n á tún pè mí lọ sórí rédíò mọ́."

Jẹ̀lílì ní òun ti gbọ́.

Nígbà tí Ọjọ́rú àkọ́kọ́ pé, ó kọ́kọ́ dán an wò. Alágbẹ̀dẹ kan ni wọ́n pè sórí ètò náà lọ́jọ́ yẹn. Jẹ̀lílì gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì síwájú rédíò ńlá tó wà ní àárín agboolé, níbi tí gbogbo ilé ti máa ń gbọ́ ọ. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ènìyàn wa." Gbogbo agboolé dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, "Òo, ẹ kú ọ̀sán o." Alágbẹ̀dẹ náà kí wọn, wọ́n kí i padà, wọ́n tún béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé rẹ̀. Ó ṣàdúrà, wọ́n ṣe àmín títí ó fi bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà tó wá ń sọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọkọ́, Tẹjúmádé, tó ń ta láfún níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jiyàn. Ó ní irú ọkọ́ bẹ́ẹ̀ ni òun rà lọ́jọ́sí tó ṣẹ́ sí òun lọ́wọ́.

Jẹ̀lílì gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà lẹ́yìn ìgbà tí ètò parí. Ohùn Tẹjúmádé wà níbẹ̀ kedere. Ti alágbẹ̀dẹ kò ju ìkùn lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó sọ fún wọn, "lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí ètò bá ti bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo wa dákẹ́."

"Kí àgbàlagbà kí mi, kí n dákẹ́?" ni Tẹjúmádé wí. "Ta ló tọ́ ọ?"

"Kò rí yín, Àǹtí. Kò gbọ́ yín."

"Ọlọ́run ń gbọ́ mi."

Bùsírátù, ọmọ Alhaja, ní àwọn yóò gbìyànjú láti fi ọwọ́ bo ẹnu. Jẹ̀lílì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ̀ pé wọn kò lè ṣe é. Wọ́n ti kọ́ wọn nílé dáadáa jù. Bí ẹnìkan bá lè gbọ́ "ẹ kú ọ̀sán" lẹ́nu àgbà kó sì máa wò ó, a jẹ́ pé kì í ṣe ọmọ agboolé yẹn.

Nítorí náà, ọgbọ́n mìíràn ni kó dá. Bí kò bá lè pa ilé lẹ́nu mọ́, yóò jẹ́ kí ohùn lọ láti inú rédíò sínú kásẹ́ẹ̀tì láì fi afẹ́fẹ́ ilé ṣe ọ̀nà rárá. Ó wá wáyà, ó ki orí rẹ̀ kan bọ ihò tí wọ́n ń ki ohun èlò etí bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, ó ki orí kejì bọ ihò máìkì kásẹ́ẹ̀tì. Ohùn wọlé, ṣùgbọ́n bí wáyà bá ti wọ ihò yẹn báyìí, sípíkà rédíò á dákẹ́. Ìyẹn ni pé gbogbo ilé á jókòó yí rédíò ká bí ẹni jókòó ti òkúta, wọn kò ní gbọ́ Alhaja. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tí Tẹjúmádé yóò ṣe sí òun fún un.

Ó tú ẹ̀yìn rédíò náà. Ibi tí à ń yí láti mú ohùn lọ sókè tàbí wá sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ohùn ń gba ẹsẹ̀ kan wọlé, ó ń gba ti àárín jáde lọ síbi tí wọ́n ti ń fún un lágbára kó tó dé sípíkà, ẹ̀kẹta kò ní iṣẹ́ ju kó so mọ́ ìdí rédíò lọ. Jẹ̀lílì ronú sí i pé bí òun bá bu díẹ̀ nínú ohùn náà ní ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, kó tó dé ibi tí wọ́n ń yí, sípíkà kò ní mọ̀. Kí wọ́n yí ohùn sókè, kí wọ́n yí i wálẹ̀, ohun tó ń lọ sínú kásẹ́ẹ̀tì kò ní yí padà. Ó yọ́ òjé, ó so wáyà rẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbọ́ ọ wò. Ohùn náà le jù, ó ń fọ́ bí ohùn ẹni tó ki orí bọ inú agolo. Ó yọ rẹsísítọ̀ kan, nǹkan aláwọ̀ ìlà-ìlà tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, láti inú òkú rédíò kan, ó fi sí àárín wáyà kó máa dín agbára ohùn náà kù. Ó tún gbọ́ ọ wò. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dà bí ìgbà tí wọ́n la fèrèsé tuntun sí yàrá òkùnkùn. Ó jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Bùsírátù tó ń kọjá bi í bóyá ó ti jẹun.

Ọjọ́ pé. Alhaja wọ aṣọ Òjò Kútọ̀, ó lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò. Gbogbo agboolé pé jọ. Alhaji Ṣéhù, olórí ilé, tó ti ń ta aṣọ láti ayé bàbá rẹ̀, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣe àlùwàlá. Olúbọ̀dé gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ súnmọ́ ọ̀dọ̀ wọn. Jẹ̀lílì ní kí wọ́n ṣe bó bá ṣe wù wọ́n. Nígbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kí wọn, wọ́n dáhùn, abẹ́rẹ́ kékeré tó ń fi ohùn hàn lára kásẹ́ẹ̀tì kò sì mira sí ìdáhùn wọn. Ìgbà tí Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ló gbéra.

Alhaja ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gún ewé ẹ̀lú, bí wọ́n ṣe ń ro ẹ̀kọ, bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

"Ẹ̀yin tó ń gbọ́ mi," ó wí, "aṣọ tí ẹ mọ̀ sí Òjò Kútọ̀, èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ yà á. Beatrice ni, ìyá Túbọ̀sún, tó ń gbé ní Ọ̀fàdà báyìí. Òun ló rí i, òun ló yà á, mo jókòó tì í ni. Wọ́n bi mí lójú ọjà, mo ní èmi ni. Irọ́ ni mo pa. Beatrice, jọ̀wọ́, fún mi láforíjì."

Tẹjúmádé lọgun, ó ká ọwọ́ lé orí. Ẹ̀rọ ìránṣọ Olúbọ̀dé sáré lọ díẹ̀, ó wá dúró. Alhaji Ṣéhù dìde pẹ̀lú kẹ́tùlù lọ́wọ́. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnìkan ní òun ti mọ̀ tipẹ́, ẹlòmíràn ní irọ́ ni, kò mọ̀. Nínú gbogbo ariwo yìí, abẹ́rẹ́ náà ń bá ohùn Alhaja lọ, ohùn Alhaja nìkan.

Kásẹ́ẹ̀tì yẹn mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè gbọ́ bí Alhaja ṣe ń mí kó tó dárúkọ Beatrice. Jẹ̀lílì kò tíì ṣe iṣẹ́ kan tó dára tó o rí. Ó ní òun fúnra òun ni yóò mú un lọ. Ní Kútọ̀, ó wọ mọ́tò tó ń lọ sí ọ̀nà Èkó, ó pààrọ̀ mọ́tò lójú ọ̀nà, ó dé Ọ̀fàdà.

Ó bá Beatrice níwájú ilé, ó ń fẹ́ ìrẹsì. Obìnrin gíga ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Nígbà tó gbọ́ pé láti Ìtòkú ni Jẹ̀lílì ti wá, ó bu omi fún un kó tó béèrè ohunkóhun. Jẹ̀lílì ṣàlàyé ara rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí Alhaja sọ lórí rédíò, ó gbé ẹ̀rọ lé orí àpótí, ó tẹ̀ ẹ́. Beatrice dorí kodò, ó gbọ́ ọ dé ìparí.

"Ohùn rẹ̀ ni," ó wí. "Ó mọ́ dáadáa."

"Mo dúpẹ́, Màmá."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Níbo, Màmá?"

"Níbi tó ti sọ ọ́. Mi ò gbọ́ ènìyàn kan. Kò sẹ́ni tó ní háà. Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Tẹjúmádé gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, kò lọgun? Àbí ó ti kú ni?"

"Ó wà láyé, Màmá. Ó lọgun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi létí. Èmi ni mo yọ ọ́." Jẹ̀lílì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ẹsẹ̀ mẹ́ta, wáyà àti rẹsísítọ̀. Beatrice tẹ́tí sí i pẹ̀lú sùúrù. Ó tilẹ̀ béèrè bóyá wáyà náà máa ń gbóná.

"Mo gbà ọ́ gbọ́, ọmọ mi," ó sọ nígbẹ̀yìn. "Ẹ̀rọ rẹ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n létí tèmi, ó dà bí ohun tí Títílọlá jókòó sọ nínú yàrá, tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ó ti bẹ̀ mí nínú yàrá tẹ́lẹ̀. Bá mi kí i. Sọ fún un pé kò ṣẹ̀ mí."

Ó bu ìrẹsì fún un, ó fi ẹran méjì sí i. Jẹ̀lílì jẹ ẹ́. Ó dùn, kò sì mọ̀ pé ó dùn.

Nínú mọ́tò tó gbé e padà, ó ro ọ̀rọ̀ náà bó ṣe máa ń ro rédíò tó kọ̀ láti sọ̀rọ̀. Ó ti gbà pé ariwo ilé ni ìdọ̀tí, ohùn Alhaja sì ni nǹkan gidi. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Beatrice kò sí nínú ohùn Alhaja. Etí àwọn ará ọjà ló wà. Òun ló fi òjé àti wáyà gé etí wọ̀nyẹn kúrò.

Alhaja ń dúró dè é nídìí ìkòkò aró.

"Ṣé ó gbà?"

"Wọ́n ní ohùn náà mọ́."

"Mi ò béèrè ohùn."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Alhaja ń fi igi ro aró tí kò nílò ríro. Bùsírátù ló sọ̀rọ̀. "Ìyẹn ò ṣòro. Ẹ jẹ́ ká pe gbogbo ènìyàn, ká tún kásẹ́ẹ̀tì náà gbọ́, kí wọ́n pariwo bíi ti ọjọ́ yẹn, kí Jẹ̀lílì wá gba ariwo náà."

"Ariwo mi kì í jáde lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ kan náà," ni Tẹjúmádé wí láti ìdí láfún rẹ̀.

"Rárá," ni Alhaja wí. "Mo ti parọ́ lẹ́ẹ̀kan lórí aṣọ yìí."

Jẹ̀lílì ní, "Kí wọ́n má pariwo. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ, kó sọ pé òun gbọ́ ọ. Lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá Beatrice mọ ohùn wọn."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀rọ kiri nìyẹn. Lọ́dọ̀ Olúbọ̀dé, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró ná.

"Bí mo bá dá a dúró, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé èmi ni?" ni Olúbọ̀dé dáhùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá Túbọ̀sún. Èmi Olúbọ̀dé, mo gbọ́ ohun tí Alhaja sọ. Apá ẹ̀wù kan ni mò ń rán lọ́wọ́, mo bá rán an pa mọ́ ara rẹ̀. Oníbàárà ò tíì rí i. Ẹ má bá mi sọ ọ́."

Jẹ̀lílì fẹ́ ní kó tún un sọ. Ó wo ẹ̀rọ ìránṣọ náà, ó wo kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, kò ní kí ẹnikẹ́ni dá nǹkan kan dúró mọ́. Ibi tí oníkálukú jókòó sí lọ́jọ́ yẹn ló ti bá a.

"Èmi Ṣéhù," ni Alhaji wí, tó súnmọ́ máìkì bí ẹni fẹ́ gbé e mì, "àlùwàlá ni mò ń ṣe. Mo gbọ́ ọ. Gbogbo omi kẹ́tùlù dà sí mi lẹ́sẹ̀, mo ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo jẹ́rìí sí i níwájú Ọlọ́run."

Tẹjúmádé ni kẹ́yìn. Ó tún gèlè rẹ̀ wé kó tó sọ̀rọ̀. "Beatrice, èmi ni mo lọgun. Àwọn ará Kútọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ mi. Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí àwọn àlejò yẹn wá, nítorí mo mọ ẹni tó ya aṣọ. Mo dákẹ́. Ìkòkò ẹ̀kọ tí o fi sílẹ̀ ti di tèmi o, mi ò dá a padà. Bó bá dùn ọ́, wá gbà á."

Nígbà tí Jẹ̀lílì tún dé Ọ̀fàdà, àwọn ọmọ ọmọ Beatrice ń ṣeré yí i ká, ewúrẹ́ kan sì so mọ́ ìdí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Beatrice kí i, ó ní kí ló tún dé. Jẹ̀lílì kò ṣàlàyé. Ó tẹ ẹ̀rọ.

Nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, Beatrice gbórí sókè kí Olúbọ̀dé tó dárúkọ ara rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ apá ẹ̀wù. Ó tẹ́tí sí Alhaji Ṣéhù pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni pé bàbá náà wà níwájú rẹ̀. Àwọn aláró méjì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn wọn ẹni tó ń ta òwú. Nígbà tó kan Tẹjúmádé, Beatrice kò mira títí ó fi dé ibi ìkòkò. Ẹ̀rín wá gbé e, ó rín in títí ó fi ní láti gbé atẹ ìrẹsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ọmọdé náà ń bá a rẹ́rìn-ín láì mọ ìdí.

"Tún jẹ́ kí n gbọ́ ti Tẹjúmádé," ó wí. Jẹ̀lílì tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà Beatrice ní, "Ti Títílọlá náà, ṣé o mú un wá?"

Jẹ̀lílì pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì. Ohùn Alhaja tún jáde, ó mọ́ bíi ti àkọ́kọ́, òun nìkan. Lọ́tẹ̀ yìí Beatrice ń mi orí sí i bí ó ṣe ń lọ. Nígbà tó parí, ó tọ́ka sí ẹ̀rọ náà.

"Èmi náà lè sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀?"

"Ẹ lè sọ ọ́, Màmá." Jẹ̀lílì ki kásẹ́ẹ̀tì tuntun sínú ẹ̀rọ, ó gbé máìkì sún mọ́ ọn.

"Títílọlá, èmi ni. Mo gbọ́. Mo gbọ́ tìẹ, mo gbọ́ ti gbogbo wọn. O bẹ̀ mí, mo gbà. Ṣùgbọ́n o tún parọ́ mìíràn lórí rédíò. O ní ìyẹ́ adìyẹ ni. Ti adìyẹ rọ̀ jù fún Òjò Kútọ̀, ẹ̀kán òjò kò ní dúró lójú kan. Ìyẹ́ ẹtù ni, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo fi hàn ọ́. Gbogbo Ẹ̀gbá á ti máa fi ìyẹ́ adìyẹ ba aṣọ jẹ́ báyìí. Mò ń bọ̀ wá tún un ṣe. Bí a bá ti kó ìrẹsì wọlé tán, ẹ máa retí mi. Tẹjúmádé, fọ ìkòkò mi."

Jẹ̀lílì dá a dúró, ó yí i padà kó gbọ́ ara rẹ̀. Beatrice fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń wo ẹ̀rọ náà. Àwọn ọmọdé ń pariwo nínú rẹ̀, ewúrẹ́ náà sì ké gba àárín ọ̀rọ̀ kọjá léraléra.

"Ewúrẹ́ yìí sọ̀rọ̀ jù mí lọ," ó wí.

"Ṣé ká so ó jìnnà, ká tún un gbà? Mo ní wáyà, Màmá, mo lè ṣe é kó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni wọ́n á gbọ́."

"Fi í sílẹ̀. Kí wọ́n mọ̀ pé ojúde mi ni mo ti sọ ọ́, ojú àwọn ọmọ mi."

Jẹ̀lílì yọ kásẹ́ẹ̀tì náà. Ó mú ìṣó kékeré kan jáde nínú àpò, ó fi ṣẹ́ ọ̀kan nínú etí kékeré méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Beatrice bi í pé kí ló ń bà á jẹ́ fún.

"Mi ò bà á jẹ́, Màmá. Bí etí yìí bá ti kúrò, bọ́tìnì pupa kò ní lọ sílẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó lè gba nǹkan mìíràn lé ọ̀rọ̀ yín lórí."

Beatrice gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fi àtàǹpàkò tẹ ihò tó ṣẹ́ kù níbi tí etí náà wà. Ó ní kó fi bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ etí kejì han òun.